Obìnrin Tó Ṣe Fáráò

Ní ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, nínú ọkọ̀ akẹ́rù láti Òmù-Àrán, ni ìyá arúgbó kan kọjú sí ọmọbìnrin eléré tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi eré Fáráò ti ṣọ́ọ̀ṣì ìyá náà ṣe yẹ̀yẹ́ lálẹ́ tó ṣáájú, tí a rẹ́rìn-ín títí, mi ò purọ́, tí àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ fi bá wa rín in.

"Ìwọ lo wọ ṣòkòtò ṣe Fáráò?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ta ló kọ́ ọ kí o máa wọ́ ẹsẹ̀?"

"Bàbá tó ń ṣe Fáráò ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ni mo wò, Màmá."

"Ọkọ mi ni. Igi ló wó lu ẹsẹ̀ rẹ̀ lóko nígbà kan. A ti sin ín."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ sórí iṣu tí ọkọ̀ náà kó. "Ẹ forí jì mí. Mi ò ní rìn bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Dìde. Fọ́tò rẹ̀ wà nílé, àmọ́ fọ́tò kì í rìn. Níbo lẹ ti ń ṣeré lónìí?"

"Òkè-Ọdẹ ni, Màmá."

Nígbà tó ṣe, dẹ́rẹ́bà kígbe pé, "Màmá, Ìjàrà-Ìsin yín rèé o!"

"Máa wakọ̀ lọ, ọmọ mi. Òkè-Ọdẹ ni mò ń lọ."