Ọwọ́ Ọmọ Àbúrò Mi Tí Mo Ní Kò Dé Etí

Ọdún tí wọ́n ní kí àwọn ará Gánà máa lọ sílé wọn ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Èmi ò mọ iye ọdún tó jẹ́, mi ò kàwé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Káyọ̀dé, àkọ́bí mi, ò tíì rìn nígbà náà. Ìyá Kòfí, ará Gánà tó ń bá mi gbé e bí mo bá lọ síbi iṣẹ́, di ẹrù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì lọ. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn tó lọ ló wà lọ́rùn mi títí dòní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má tíì ṣépè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Títílayọ̀, ọmọ Káyọ̀dé, ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má bá mi tún un ṣe.

Kí ló dé tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí? Ẹ̀kọ́ orí fóònù ló fà á. Ó ti sú mi. Ẹ gbọ́, ó ti sú mi! Bọ́sẹ̀, ọmọ àbúrò mi tí mo tọ́, ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, ọmọ tirẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ló bá ní òun fẹ́ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọ̀hún ò ní ọgbà, kò ní géètì. Inú fóònù ló wà. Ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ni bí ọmọ ènìyàn ṣe ń dàgbà, láti inú oyún títí dé ọjọ́ ogbó.

Mo ní, "Ìyẹn náà ni wọ́n ń kọ́? Ṣebí ẹni tó bá ti bímọ ti mọ̀ ọ́n."

Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n parí ẹ̀. Mo fẹ́ ṣí ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ sí àdúgbò Pedro. Ta ló máa gbé ọmọ fún mi bí mi ò bá ní ìwé ẹ̀rí?"

Ilé mi ní Bàrígà ló ti máa ń gbọ́ ẹ̀kọ́ náà, torí iná tiwa sàn díẹ̀ ju tiwọn lọ. Á gbé fóònù ti ike omi, ohùn obìnrin kan á máa jáde. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, obìnrin náà á la ẹnu sílẹ̀ bí ẹja, kò ní pa á dé. Bọ́sẹ̀ á gbé fóònù lọ sójú fèrèsé, á gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, á ní kí n jọ̀ọ́ kí n pa tẹlifíṣọ̀n. Nínú ilé mi!

Ìyẹn gan-an kọ́ ni wàhálà. Ìbéèrè ni wàhálà. Olùkọ́ wọn ní kí kálukú lọ bi ẹni tó tọ́ ọ léèrè bó ṣe dàgbà. "Màmá, ìgbà wo ni mo hu eyín? Ìgbà wo ni mo rá? Ta ni mo kọ́kọ́ pè lórúkọ?" Lójoojúmọ́! Lọ́jọ́ kan mo jágbe mọ́ ọn pé, "Ṣé èmi ni mo bí ẹ ni?" Ó wò mí. Ó kàn da ojú fóònù rẹ̀ dé sórí tábìlì.

Mo mọ ìdí tí mo fi jágbe. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Àbúrò mi, ìyá tó bí Bọ́sẹ̀, ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òun ló fa ọmọ náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò fẹ́ kó dà bíi tiwa. Ìwé ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó kà." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Lóòótọ́ ni mo fẹ́ fi í sí iléèwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Kòfí lọ. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye ni mo ti ń ṣiṣẹ́, a máa ń to ojú ìwé léra, a máa ń ká a, a máa ń fi pín gún un. Ìwé àwọn ọmọ iléèwé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀gá wa ò fẹ́ rí ọmọ ọwọ́ nítòsí ẹ̀rọ tó ń gé pépà. Mo wá ní kí Bọ́sẹ̀ ṣì máa bá mi gbé Káyọ̀dé títí iléèwé yóò fi gba ọmọ tuntun. Nígbà tí àsìkò náà fi máa tó, ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ ti mọ́ mi lára.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ wọlé nígbà yẹn. Ta ló ní ìwé ọjọ́ ìbí? Wọ́n á to àwọn ọmọ sórí ìlà, wọ́n á ní kí kálukú gbé apá ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi ìka kan etí òsì. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá dé etí ti tó iléèwé. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá dé, ó di ọdún tó ń bọ̀. Kò sí ẹjọ́ níbẹ̀.

Bọ́sẹ̀ ti ń dán an wò nílé. Ó sáré wá bá mi nídìí sítóòfù lọ́jọ́ kan, "Màmá, ẹ wò ó! Ó dé! Ó dé!" Mo wò ó. Ó dé lóòótọ́. Ìka rẹ̀ di etí mú dáadáa.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìgbà tí mo máa mú un lọ, mo fi òwú di irun rẹ̀. Mo kó gbogbo irun náà jọ sí àtàrí, mo ki àkísà sábẹ́ rẹ̀ kó lè ga, mo wé òwú dúdú mọ́ ọn títí tó fi dà bí òkìtì ọ̀gán. Àwọn ará ilé ń yìn ín. Ọmọ náà ń wo jígí, ó ń rẹ́rìn-ín. Aṣọ tí mo sì wọ̀ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni èyí tó ti kéré sí i, tó há a lábíyá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Títílayọ̀, má fò ó, kọ ọ́: mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Tíṣà ní kó gbé apá. Ó gbé e. Apá gun orí òkìtì irun yẹn, ìka rẹ̀ sì dúró sókè etí. Ó na ìka náà títí ó fi ń gbọ̀n.

Tíṣà ní, "Ó kù díẹ̀, Ìyá Káyọ̀dé. Ẹ mú un padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Bọ́sẹ̀ yíjú sí mi. "Màmá, ó dé lánàá."

Mo ní, "Má purọ́ fún tíṣà."

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti gbé Káyọ̀dé sùn, á lọ rọ̀ mọ́ irin fèrèsé kí apá òun lè gùn. Mo máa ń bá a níbẹ̀ bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Mo máa ń ní kó sọ̀kalẹ̀ wá bomi.

Mo ránṣẹ́ sí àbúrò mi pé ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kò dé etí, pé ó jọ pé ọmọ náà kì í tètè dàgbà. Àbúrò mi rò pé òun ni òun ò fún un lóúnjẹ tó dáa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀wà àti ẹyin awó sísè rán àwọn tó ń bọ̀ l'Ékòó, kí apá ọmọ rẹ̀ lè gùn. Ẹ jọ̀ọ́, a jẹ ẹyin náà. Káyọ̀dé ló jẹ ẹ́ jù.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo ti lóyún Fúnmiláyọ̀. Mi ò tilẹ̀ mú Bọ́sẹ̀ débẹ̀. Mo ní, "Apá ẹ kúrú, bí Ọlọ́run ṣe dá ẹ nìyẹn. Fara balẹ̀." Tíṣà obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló padà fà á lọ́wọ́ lọ sí iléèwé, nígbà yẹn ọmú ti fẹ́ máa yọ láyà rẹ̀. Àwọn ọmọ kékeré tí wọ́n jọ jókòó ń pè é ní Ìyá Kíláàsì. "Màmá àgbà, ẹ bá wa pọn omi o!" Ó ka ìwé mẹ́fà, ó ní ojú ń ti òun, ó lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Àbúrò mi kú kó tó parí iṣẹ́ náà.

Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Àṣé fóònù ń bọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin inú fóònù dé orí ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti etí. Ó ní orí ọmọ kékeré máa ń tóbi ju bí apá rẹ̀ ṣe gùn lọ, tó bá yá, apá á lé e bá. Ó ní bí ó bá pẹ́ jù, ó lè jẹ́ pé ọmọ náà ò rí oúnjẹ gidi jẹ ni. Bọ́sẹ̀ fò dìde. "Màmá, ẹ gbọ́! Èmi nìyẹn! Èmi gan-an nìyẹn!" Ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ẹni tó rí ohun tó sọnù.

Ó kọ iṣẹ́ tí wọ́n fún un, ó wá ń kà á fún mi, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ó kọ ọ́ pé ìyá tó bí òun ò bọ́ òun dáadáa, ìdí nìyẹn tí òun ò fi tètè dàgbà. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá òun l'Ékòó ló ṣe sùúrù fún òun títí ọwọ́ òun fi dé etí. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ló máa kà á fún gbogbo kíláàsì. "Màmá, mo gbé orúkọ yín sínú ẹ̀ o. Ẹ ò ní rẹ́rìn-ín ni?"

Ẹ gbà mí! Àbúrò mi tó ń fi ẹyin ránṣẹ́! Òun ni wọ́n fẹ́ dá lẹ́bi, èmi ni wọ́n fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún. Mo bínú sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo bínú sí obìnrin yẹn, mo bínú sí Bọ́sẹ̀ pàápàá. Wọn ò rí nǹkan mìíràn kọ́ àgbàlagbà ni? Mo bínú títí, mi ò rí ẹni tí n bá bínú sí mọ́ àfi ara mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, àti ẹ̀yin tí wọ́n mú lọ sọ́dọ̀ ẹbí tí ẹ ò rí iléèwé lọ: bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Bọ́sẹ̀, ìgbà wo lẹ máa fẹ́ gbọ́ ọ? Bí mo bá sọ ọ́ kó tó di Sátidé, ó lè pa ẹ̀kọ́ náà tì, mo tún ti dí i lọ́nà iléèwé lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Bí mo bá dákẹ́, á ti ba ìyá rẹ̀ jẹ́ lójú ayé, kò sì sí bí n ó ṣe kó ọ̀rọ̀ náà padà. Ẹ má ní kí n lọ gbàdúrà. Mo ti gbà á. Ẹ dá mi lóhùn.

Mo pe àwọn ọmọ mi lánàá, mo sọ ọ́ fún wọn. Káyọ̀dé ní, "Màmá, ẹ fi sílẹ̀ jàre. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ta ló tún ń béèrè?"

Fúnmiláyọ̀ ní, "Àǹtí Bọ́sẹ̀ ló ń béèrè. Lójoojúmọ́ ló ń béèrè."

Mo sọ fún Káyọ̀dé pé kó dákẹ́, ẹ̀yìn Bọ́sẹ̀ ló wà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ Bọ́sẹ̀ ń kọ́ A B D, ẹyin Bọ́sẹ̀ ló sì jẹ. Mo ní èmi fúnra mi ni màá lọ bá Bọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé iwájú rẹ̀ tí ẹnu mi kọ̀, kí wọ́n bá mi sọ ọ́ fún un pé kò purọ́ fún tíṣà. Ó dé. Ọwọ́ rẹ̀ ti dé etí.