Imí-ọjọ́ Inú Àpótí Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ̀rù tó tún pa ẹnu mi dé. Ẹ̀yin ará ilé ọkọ mi, bí ẹ bá ń ka èyí, ẹ má tíì wò mí lójú. Kì í ṣe Ìyàwó, aya àbúrò ọkọ mi, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Màmá. Èmi ni.

Gbogbo yín mọ òfin Màmá, ìyá ọkọ mi, nínú yàrá tí a ti ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí à ń sá tà. Bí a bá ti gé e, inú omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni yóò kọ́kọ́ wọ̀, kó má baà dúdú kó tó gbẹ. Àwọn mìíràn ń sun imí-ọjọ́, wọn a sé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ èéfín rẹ̀ nínú àpótí, a sì pọ́n rúsúrúsú. Màmá ní imí-ọjọ́ kò gbọdọ̀ wọlé wa láé. Àyà òun kì í gbà á; bó bá ti kàn án, èémí rẹ̀ a há.

Ọsàn fífún ló sú mi. Omi rẹ̀ a máa ta mí lọ́wọ́ níbi tí ọ̀bẹ ti gé mi, bí ata. Ni mo bá ra imí-ọjọ́ díẹ̀, mo sun ún lẹ́yìnkùlé, mo sé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ èéfín rẹ̀ nínú àpótí. Ọ̀lẹ ni mí, ẹ jẹ́ kí n tètè pe ara mi bẹ́ẹ̀. Màmá rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín: "Ìyàwó àgbà, ọwọ́ ẹ yìí mà dáa o! Àfi bí ẹni fi wúrà wẹ̀ ẹ́!" Ó sọ ọ̀kan sẹ́nu. Kò pẹ́, ó di àyà mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Kí ni mo wí? Mo ní òórùn ìpara Ìyàwó ni, ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ tirẹ̀.

"Ìyáálé mi, èmi kẹ̀? Mi ò tíì para láti àárọ̀!"

Mo jágbe mọ́ ọn: "Dákẹ́ jàre! Ta ló ń bá ẹ jà?"

Láti ìgbà náà ni ẹ ò ti jẹ́ kó wọ yàrá Màmá mọ́.

Èyí tó burú jù ló kù. Nígbà tí ara Màmá yá díẹ̀, ó ní kí n bu ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá. Bí mo bá ní kó má jẹ ẹ́, ẹ ó béèrè ìdí. Mo bù ú. Mo mọ̀, mo sì gbé e fún un. Mo tún ní, "Ẹ rọra jẹ o, Màmá." Ẹnu mi yìí! Ẹ rántí bí ọkọ mi ṣe gbé e sáré lọ sílé ìwòsàn, tí ètè rẹ̀ ti dúdú.

Lánàá tó padà wálé, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó bi mí pé:

"Ọsàn ń ta ẹ́ lọ́wọ́, o ò lè sọ? Ṣé mi ò ní ra ìbọ̀wọ́ fún ẹ ni?"

Mo bú sẹ́kún, ẹ̀rín sì ń pa mí. Ìbọ̀wọ́ lásán! Ó ní, "Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ lo ṣẹ̀." Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn. Mo ti kó ìyókù ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà dà nù. Oúnjẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn lẹ́nu mi.

Ẹ̀yin ọmọ wa, irọ́ àkọ́kọ́ kì í wúwo. Èyí tí ẹ ó fi bò ó ló ń pànìyàn.

Ìyàwó, èmi ìyáálé rẹ ni mo kúnlẹ̀ fún ọ yìí. Foríjì mí. Wọlé lọ kí Màmá. Bí wọ́n bá máa dá ẹnì kan dúró síta, kí wọ́n dá èmi dúró.