Ọ̀rá Tó Wà Lábẹ́ Fáànù

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ sì jókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti lo ọdún mẹ́tàdínlógún nínú mi, mi ò sì fẹ́ gbé e lọ síbi tí mò ń lọ. Dókítà ti sọ fún ìyá yín pé ọkàn mi ò ní pẹ́ dákẹ́. Ó rò pé mi ò gbọ́, ṣùgbọ́n ọkàn ló ń yọ mí lẹ́nu, kì í ṣe etí. Ẹ má sunkún. Èmi náà ò sunkún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ẹni tó ń ròyìn iṣẹ́, torí iṣẹ́ ni mo mọ̀ ọ́n sọ. Ẹ̀yin ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbí, ìyá yín wà níbí, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà sì rèé lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tó máa ń jókòó sí ní gbogbo Sátidé tó bá wá kí mi. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n sí ọ̀rẹ́ bàbá yín tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì níbi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹ ò mọ̀ pé òun ló mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jù nínú gbogbo àwa tá a jọ ṣiṣẹ́, àti pé èmi ni mo gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò fi agbára gbà á. Irọ́ ni mo fi gbà á.

Ohun tó jẹ́ kí n lanu lónìí ò ju fáànù orí tábìlì yẹn lọ. Sátidé tó kọjá, súkúrù ìdí rẹ̀ tú, ó wá ń gbọ̀n, ó ń ṣe kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Àbígbẹ̀yìn mi ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá wa dè é jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn." Súkúrù kan ṣoṣo. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wo fáànù, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Ẹ pe ẹlòmíì. Ọwọ́ mi ò ṣeé fọkàn tán." Ẹ̀yin rẹ́rìn-ín, ẹ rò pé àwàdà ló ń ṣe. Èmi yíjú sí ògiri. Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn, èmi ni mo fi sí i lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Yàrá ìṣiṣẹ́ wa wà lókè ilé ìtajà bàtà kan. Tábìlì mẹ́rin ló wà níbẹ̀, fèrèsé kan tí kò ṣeé ṣí, àti àwọn páálí tó ga kan àjà. Màdáámù ló ni ín. Èmi ni àgbà tẹ̀ lé e, wọ́n sì ń pè mí ní Má-fọwọ́-kàn-án, torí ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo èèyàn nìyẹn, àtoníbàárà, àtẹni tó ń gbálẹ̀. Wọ́n ń pe òun ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ torí pé kò sí nǹkan tó ń kánjú ṣe. Bó bá fẹ́ yọ súkúrù mẹ́rin, á kọ́kọ́ tẹ́ aṣọ funfun, á wá tò wọ́n sórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe wà nínú ẹ̀rọ, ti òkè lókè, ti ìsàlẹ̀ nísàlẹ̀. Ó máa ń bí mi nínú. Ó tún máa ń wù mí, ẹ má jẹ́ kí n purọ́.

Oníbàárà kan wá tí a ń pè ní Olóhùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ka ìwé sínú ẹ̀rọ fún àwọn tí kò ríran. Bàbá rẹ̀ ti fọ́jú, ó sì ń ka ìtàn gígùn kan fún un, orí mẹ́rìnlá. Ó ti ka mẹ́sàn-án, márùn-ún ló kù. Àmọ́ nǹkan kan wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ tí dókítà fẹ́ gé kúrò, wọ́n sì ti sọ fún un pé ohùn tó bá máa jáde lẹ́yìn ìyẹn lè má jọ ti tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló kù. Ohun tó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa ni ariwo. Fáànù tó bá kọ̀ǹpútà náà wá, èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọpọlọ rẹ̀ kó má baà gbóná jù, kéré, ó sì ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Gbogbo gbólóhùn tó bá kà ló ń bá a vùùù lábẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi sọ pé ó dà bíi pé inú ọkọ̀ ni mo ti ń kàwé fún àwọn." A jọ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí a bá òun wá fáànù míì, èyí tó máa dákẹ́.

Yíyan fáànù ọpọlọ kì í ṣe kí èèyàn kàn na ọwọ́ sórí pẹpẹ. O ní láti mọ bí ọpọlọ náà ṣe ń gbóná tó nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi. O ní láti wo ẹsẹ̀ fáànù náà, torí kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ ló ń bá gbogbo bọ́ọ̀dù, pátákó tí ọpọlọ jókòó lé, mu. O ní láti wọn àpótí, kí o má baà dè é tán kí ìdérí wá kọ̀ láti pa dé. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kí a mú èyí tó kúrú. "Ẹ̀gbọ́n, èyí ò ní dí mẹ́mórì lọ́wọ́, kò sì ní wúwo jù fún bọ́ọ̀dù." Mo ní rárá. Mo ti fojú sí ńlá kan tó wà nínú páálí dúdú: irin rẹ̀ pín sí méjì, páìpù bàbà mẹ́fà gba inú rẹ̀ kọjá, fáànù fífẹ̀ méjì sì wà lára rẹ̀. Mo ní, "Kékeré ló ń pariwo. Ńlá tó ń yí jẹ́jẹ́ ló ń dákẹ́." Ó ní, "Ó ga, ẹ̀gbọ́n." Mo ní, "Wọ̀n ọ́n." Ó wọ̀n ọ́n, ó rí i pé ó máa wọlé, ó ku bí ìbú ìka kan kó kan ìdérí. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ jàre." Bẹ́ẹ̀ ni, mo jàre. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun gan-an ló bà mí jẹ́. Fáànù tí mo yàn ló tọ́.

Òfin kan wà ní yàrá ìṣiṣẹ́ wa. Ìwé pélébé kan wà tí a ń lẹ̀ mọ́ inú ìdérí gbogbo kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá fọwọ́ kan iṣẹ́ náà gbẹ̀yìn ló máa fọwọ́ sí i. Màdáámù ló ṣe òfin náà, kò sì gba àlàyé lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ de fáànù yẹn, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti yọ ti àtijọ́, ó ti nu ojú ọpọlọ mọ́ tónítóní, ó ti fi girisì funfun díẹ̀ tó ń gbé ooru lọ sára irin fáànù sí i, bí ẹ̀wà kan báyìí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pè é láti ilé ìwòsàn pé ìyàwó rẹ̀ ti ń rọbí. Mo ní, "Máa lọ, èmi á dè é. Fọwọ́ sí ìwé kó o tó lọ, kí n má baà tún máa wá ọ kiri." Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì dè é." Mo ní, "Ṣé èmi ni mi ò mọ súkúrù í dè ni?" Ó fọwọ́ sí i, ó sáré lọ. Olóhùn dúró sí ìdí tábìlì mi, mo sì ń ṣàlàyé fún un bí mo ṣe yan fáànù náà, páìpù mẹ́fà, irin méjì, ẹnu mi ò sinmi. Mo gbé e kalẹ̀, mo de súkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìwo abẹ́ rẹ̀. Ọ̀rá tín-ín-rín kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi bo ojú irin náà kó má baà ha, ó mọ́ gaara bí omi. Ó yẹ kí èèyàn ṣí i kúrò kó tó dè é. Àárín irin àti girisì ló há sí, ooru ò sì ráyè kọjá dáadáa. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ló ń ṣe irú àṣìṣe yẹn, kì í ṣe Má-fọwọ́-kàn-án.

Ọjọ́ kẹta ni Olóhùn pè. Ó ní òun á kàwé bí ogún ìṣẹ́jú, kọ̀ǹpútà á kàn kú fin-ín, gbogbo ohun tí òun ti kà á sì lọ. Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀, fáànù tuntun ni, ẹ jẹ́ kó mọ́ ara." Ọ̀rọ̀ játijàti. Ọjọ́ keje ló tún pè, ohùn rẹ̀ ti ń há. Nígbà tí mo gbé fóònù kalẹ̀, mo gbìyànjú láti rántí ìgbà tí mo ṣí ọ̀rá yẹn, mi ò rí i rántí. Mo ti mọ̀, ẹ gbọ́ mi yé, mo ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Mi ò pè é padà. Mo ń retí pé bóyá á kàn ṣiṣẹ́. Ó gbé e wá ní ọjọ́ kẹtàlá. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù, dókítà sì ti ní kó má sọ̀rọ̀ mọ́.

Màdáámù fúnra rẹ̀ ló tú u, níṣojú gbogbo wa. Ó yí ìdí fáànù náà sókè, ọ̀rá ọ̀hún sì rèé pẹ̀lú girisì lójú rẹ̀. Ó wo ìwé inú ìdérí. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́?" Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní, "Màdáámù, èmi ni mo fi girisì sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ló dè é." Gbogbo wọn yíjú sí mi. Kí n ní "bẹ́ẹ̀ ni" péré, ọ̀rọ̀ ti parí, wọn ò ní pa mí. Ṣùgbọ́n mo ti fọ́nnu púpọ̀ lórí fáànù yẹn. Mo rò ó pé bí wọ́n bá gbọ́ pé èmi ni mo dè é, wọ́n á ní mi ò mọ ohun tí mo yàn. Nítorí ìyẹn nìkan. Mo ní, "Ìwọ lo dè é. Ọkàn rẹ ò sí nílé lọ́jọ́ yẹn, o ti gbàgbé ni." Ó ní, "Èmi kẹ̀?" Mi ò dúró níbẹ̀. Mo tún gbé ohùn mi wálẹ̀, bí ẹni tó ń ṣàánú rẹ̀, mo ní, "O ò rántí pé sukudiráfà tiẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ, tí mo bá ọ mú un nílẹ̀?" Sukudiráfà kankan ò bọ́. Mo hun ún lójú ẹsẹ̀ ni. Mo sì rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ inú rẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó yí wọn síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Orí mi ò pé lọ́jọ́ yẹn." Ó wá kúnlẹ̀ fún Olóhùn. Olóhùn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ó kàn fọwọ́ kàn án léjìká. Èmi náà dúró níbẹ̀, mo tiẹ̀ mi orí.

Wọ́n ṣí ọ̀rá kúrò, wọ́n tún un dè, fáànù náà sì dákẹ́ bí mo ṣe wí. Ohùn tí Olóhùn mú bọ̀ láti ilé ìwòsàn há, ó sì rọ̀. Ohùn yẹn ló fi ka orí márùn-ún tó kù. Ó sọ fún wa pé nígbà tí òun gbé e sí i fún bàbá òun, wọ́n ní, "Ta nìyí? Níbo ni ọmọ mi lọ?" Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Màdáámù ò lé e. Òun fúnra rẹ̀ ló kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú aṣọ funfun rẹ̀, ó dì í, ó gbé e fún mi. Ẹ gbọ́: èmi ló gbé e fún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bá mi lò wọ́n. Ọwọ́ mi ò ṣeé fọkàn tán." Mo gbà á. Mo ní kó pẹ̀lẹ́. Mo sì lò wọ́n títí tí àìsàn fi dá mi dùbúlẹ̀, àwọn ni mo fi tọ́ ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ tí wọ́n bí fún un lọ́jọ́ yẹn ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó sọ fún mi pé bàbá òun máa ń ti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà pé òun tì í.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá fẹ́ rí nǹkan mú nínú èyí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí iṣẹ́ tí ẹ̀yin fúnra yín ń ṣe. Ọ̀rọ̀ mi pẹ̀lú yín ti tán. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, má dìde, jẹ́ kí n parí. Èmi ni mo dè é. Kò sí sukudiráfà tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ìwọ nu ọpọlọ mọ́, o fi girisì sí i bó ṣe yẹ, o sì sọ fún mi pé o ò tíì dè é. O rántí dáadáa. Ọwọ́ rẹ ò ṣe nǹkan kan. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí, bí kò bá sì ṣeé ṣe, mo gbọ́, mi ò ní bínú. Abẹ́ ìrọ̀rí mi níbí ni aṣọ funfun rẹ wà, ìyàwó mi ti fọ̀ ọ́. Sukudiráfà rẹ, èyí tó ní èèkù pupa, ló wà lókè. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan fáànù orí tábìlì yẹn láti Sátidé tó kọjá. Ó ṣì ń gbọ̀n. Bá mi dè é.