"Ẹ Bá Mi Tọ́jú Màmá Wa"

Lórí bẹ́ǹṣì tí a ti ń dúró de dókítà n'Ígàndó ni mo ti gbọ́ ọ, láàárín ọmọbìnrin kan tó ń wo fíìmù lórí fóònù àti bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́.

"Bàbá, ọlọ́pàá inú fíìmù yìí lé apànìyàn títí, ó wá ń ṣe bíi tiẹ̀. Irọ́ ni wọ́n ń pa, àbí?"

"Kì í ṣe irọ́, ọmọ mi. Èmi náà wá apànìyàn kan rí. Ìdí àkàrà ìyá ẹ̀ ni mo ti ń ṣọ́ ọ, mo ní ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni mí. Ojoojúmọ́ ni Màmá ń ṣàdúrà fún mi."

"Ẹ sì ń jẹ àkàrà wọn! Ẹ ò ṣe dáadáa, jàre."

"Lọ́jọ́ tí mo mú un, kò bú mi. Ó kàn ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi tọ́jú Màmá wa.'"

"Màmá wa kẹ̀?"

"Màmá wa. Ẹ̀wọ̀n ni ọmọ wọn kú sí. Ojú Màmá ti fọ́ báyìí, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi ń pè mí."

"Ẹ sì ń dáhùn?"

"Ohùn ẹ̀ ni mo fi ń dáhùn. Ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé èmi ni mo mú un?"

Nọ́ọ̀sì kan fa ìyá arúgbó kan lọ́wọ́ jáde látọ̀dọ̀ dókítà. Ìyá náà ń na ọwọ́ síwájú, ó ń pe orúkọ kan.

Bàbá dìde, ó wúkọ́ díẹ̀, ohùn ẹ̀ sì di ti ọ̀dọ́kùnrin.

"Mo wà níbí, Màmá."

Ọmọbìnrin náà pa fíìmù ẹ̀.