Ìgò Epo Lárà Lẹ́nu Ọ̀nà Nives

[Agogo fóònù ń dún.]

ERMES: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára, a ń dán maikirofóònù wò ní gbàgede.

NIVES: Káàsán, àbúrò mi. Ṣé o ti jẹun?

ERMES: Mo fi búrẹ́dì panu. Kí ló dé?

NIVES: Ìwọ lo máa pe Corvani jáde lórí pèpéle nírọ̀lẹ́, àbí?

ERMES: Èmi ni. Bó bá wọlé ìbò olórí ìlú, igbákejì rẹ̀ ni màá jẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ wá—

NIVES: Mo gbọ́ yín lórí rédíò láàárọ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ.

ERMES: Ẹ̀rín wo?

[Ariwo lórí ìlà.]

NIVES: Ṣé o gbọ́ mi? Corvani ní àwọn tó ń kọ̀wé ta ko òun nínú ìwé ìròyìn, inú wọn ló dọ̀tí, ife epo lárà kan ló máa fọ̀ ọ́ mọ́. Ìwọ náà bú sẹ́rìn-ín.

ERMES: Àwàdà ni, ẹ̀gbọ́n mi.

NIVES: Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń dẹ̀wù. Kí ni wọ́n fún bàbá bàbá wa mu ní gbàgede tó o dúró sí yẹn?

ERMES: Ìyẹn ti pẹ́. Gbogbo Ítálì ló ti—

NIVES: Kí ni wọ́n fún un mu, Ermes?

ERMES: Epo lárà.

NIVES: Àwọn jàǹdùkú olóṣèlú oníṣẹ́ẹ̀tì dúdú ayé ìgbà náà dè é mọ́ àga. Wọ́n ń dà á sí i lọ́fun títí ó fi ṣu sára lójú gbogbo ìlú, torí ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ oko dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Kò gba gbàgede yẹn kọjá mọ́ títí ó fi kú. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ ra búrẹ́dì.

ERMES: Corvani ò sí lára wọn. Ta lẹ rí tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú? Ọmọ dáadáa ni àwọn ọmọkùnrin tó ń tẹ̀ lé e, jíǹsì ni wọ́n ń wọ̀.

NIVES: Aṣọ ni wọ́n pààrọ̀, ẹnu ò yí padà. Bó bá ní "ará ìlú", àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún un nìkan ló ń kà. Àwọn àjèjì tó ń bá wa ká àjàrà, láàárọ̀ ó ní ọ̀lẹ ni wọ́n, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ó ní wọ́n ti gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Èwo la fẹ́ gbà gbọ́ níbẹ̀? Ẹni tó bá sì bi í, ọ̀dàlẹ̀ ni.

ERMES: Ẹ̀yin olùkọ́, gbogbo nǹkan ló ń jọ ìwé ìtàn lójú yín. Ilé iṣẹ́ táìlì ti kógbá wọlé. Ta ló tún ń bá wa sọ̀rọ̀ rẹ̀, bí kì í bá ṣe òun?

NIVES: Òótọ́ ni, ó kógbá wọlé. Ṣé àwọn tó ń ká àjàrà ló tì í?

[Ìlà ń já wẹ́wẹ́.]

ERMES: Ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

NIVES: Mo gbọ́. Nígbà tí ẹ rẹ́rìn-ín yín tán, mo ṣílẹ̀kùn kí n gbálẹ̀ iwájú ilé. Mo bá ìgò kan níbẹ̀. Wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn.

ERMES: Ìgò kí ni?

NIVES: Ìwọ náà sọ ọ́.

ERMES: Epo lárà? Lẹ́nu ọ̀nà yín?

NIVES: Ta ló ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn nínú ìdílé wa? Inú ń bí mi, Ermes. Ìgò yẹn ò bí mi nínú tó ẹ̀rín rẹ.

ERMES: Èmi ni mo kọ ọ́.

NIVES: O kọ kí ni?

ERMES: Àwàdà yẹn. Èmi ni mo kọ ọ́ fún un. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà á rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan á lọ—

NIVES: Ìtìjú bàbá àgbà lo kó fún un.

ERMES: Ẹ má bínú.

NIVES: Mò ń bínú, màá sì máa bínú lọ ni. Gun pèpéle yẹn nírọ̀lẹ́. Sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n rẹ ni wọ́n gbé ìgò fún, pé ìwà ìkà ni. Ṣé o gbọ́ mi?

ERMES: Mi ò lè sọ ọ́.

NIVES: Nítorí ipò igbákejì?

ERMES: Ẹ̀rù wọn ń bà mí.

NIVES: Ẹ̀rù ta ni? Ṣebí ọmọ dáadáa ni wọ́n.

ERMES: Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ẹ má jáde nírọ̀lẹ́. Ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ—

[Ohùn ọkùnrin kan lọ́dọ̀ Ermes: "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"]

NIVES: Dá a lóhùn. Sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Ermes, ṣé o gbọ́ mi?

ERMES: Màdáámù, ẹ ṣi nọ́ńbà pè.

[Ìlà já.]