Eérú Tí Mo Dà Sẹ́yìn Ṣọ́ọ̀bù Àbúrò Mi

Ìyàwó mi, àbúrò mi lo fẹ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń pè ọ́ kí n tó kó lọ sí òkèèrè, jẹ́ kí n pè ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Dókítà ti ní kí n máa palẹ̀ mọ́. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó, àga ò gbà mí. Mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ inú ilẹ̀. Ọkọ rẹ ò mu sìgá lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo sun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

O rántí òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, nígbà ooru, ní ẹ̀yìnkùlé yín. Oyún rẹ ti wọ oṣù rẹ̀, o na ẹsẹ̀ sórí àpótí. Àbúrò mi ń yí adìyẹ lórí iná èédú, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbójú kúrò nínú ìwé yẹn kẹ́ ẹ wá jẹun, àwọn tó wà nínú ẹ̀ ò ní sá lọ." Ìwọ náà ní, "Fi ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ jàre, ìpín adìyẹ tiwọn ti di tèmi." Ẹ̀rín pa wá. Áà, ọjọ́ yẹn dùn!

Nígbà tí a jẹun tán, oorun ń kun àbúrò mi. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí: "Ẹ bá mi pa iná yẹn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ da omi sí eérú kẹ́ ẹ tó gbé e." Ìwé mi sì kù díẹ̀ kó parí, wọ́n ti fẹ́ mú apànìyàn inú rẹ̀. Iwájú ilé ni ẹ̀rọ omi wà. Mo wo ọ̀nà ibẹ̀, ó jìn lójú mi. Ọ̀lẹ burúkú! Mo da eérú gbígbóná sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀ tó wà ní ẹ̀yìnkùlé níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò tó ń kó lẹ́búlẹ́bú pákó sí, mo sáré padà sídìí ìwé. Nígbà tó yá, mo gbóòórùn èéfín. Mo ní ti adìyẹ ni. Mo ṣí ojú ewé mìíràn.

Pákó jóná, irinṣẹ́ jóná, ibùsùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn fún ọmọ inú rẹ jóná. O di ikùn mú, o bi ọkọ rẹ pé, "Ṣé o tún ti bẹ̀rẹ̀ ni?" Sìgá ló pa bàbá rẹ, o sì ti kìlọ̀ fún un pé ọjọ́ tó bá tún fi kan ẹnu, o ti lọ nìyẹn. Ó búra fún ọ pé òun ò mu ún. O yíjú sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ò ní purọ́ fún mi. Ṣé ẹ rí sìgá lọ́wọ́ ẹ̀?"

Mo ní, "Mo rí i."

Ó wò mí. Èmi ni mo tọ́ àbúrò mi dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá wa, kò já mi ní koro rí lójú èèyàn. Ó tẹrí ba, ó ní, "Tí ẹ̀gbọ́n mi bá ní àwọn rí i, a jẹ́ pé wọ́n rí i." O kó ẹrù rẹ lọ sílé ìyá rẹ, ibẹ̀ lo bímọ sí. Èmi náà sá lọ, mo ní iṣẹ́ ló pè mí.

Títí dòní ni ọkọ rẹ ń pè mí lórí fóònù, tó ń béèrè àlàáfíà mi. Kò bi mí rí ìdí tí mo fi purọ́ mọ́ òun. Ó ṣì ń dá gbé. Mo bẹ̀ ọ́, bó o bá máa forí jì mí, jẹ́ kó di ẹ̀yìn ọ̀la. Òun ni kó o kọ́kọ́ lọ bá. Tó o bá sọ ohun tí mo kọ yìí fún un, yóò ní àìsàn ló ń dà mí láàmú, pé mi ò mọ ohun tí mò ń sọ. Má gbà á gbọ́.