Apá Ibo Ni Ẹṣin Ikú Kọjú Sí?

Kí n lọ kúnlẹ̀? Kí n lọ sọ fún ọ̀gá mi pé èmi ni mo fọgbọ́n ti káàdì Ikú sí wọn lọ́wọ́, pé yẹ̀yẹ́ lásán ni mo ń ṣe? Ó tì o, Àǹtí Nọ́ọ̀sì! Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn kúrò níbẹ̀. Gbogbo èyí tí mo ti ṣe láyé mi, tí mo sì jẹ́wọ́ pé mo ṣe é, kò tó yín, ó wá ku èyí tí n kò ṣe!

Ẹ jókòó ná. Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró lé mi lórí bí olùkọ́ tó ń ṣọ́ ìdánwò, torí àwọn yẹn ni mo sá fún tí mo fi kúrò nílé ìwé. Háà! Ẹ wò ó, ẹ ń fọwọ́ tẹ àga náà wò kí ẹ tó jókòó! Kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Ṣé ẹ wá rí ohun tí mo ń sọ? Nínú ilé ìyá tó bí mi, àga tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, wọ́n ti ń fura sí i nítorí tèmi.

Mo gbà, alápàárá ni mí. Ta ni kò mọ̀? Èmi ni mo fi aláǹgbá onírọ́bà sínú agbọ̀n rólà tí a fi ń ká irun ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo dé wíìgì sórí fáànù, tí mo so síkáàfù mọ́ ọn lọ́rùn, tí màmá tó ń ta bọ́tìnnì lódìkejì fi wọlé tó ń kí i pé ẹ káàárọ̀, tó tún wá bínú pé obìnrin yẹn kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ìjà là ń jà! Ọ̀gá mi fúnra wọn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn títí wọ́n fi di ọrùn mú, tí ẹ̀rín wá di súfèé, torí gẹ̀gẹ̀ ọrùn wọn yẹn kì í jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín kó dé inú mọ́. Ẹ rò pé mi ò rí i ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí ẹni tó wá ròyìn fún yín kò sí níbẹ̀. Lánàá, ẹ̀yin náà lẹ ní kí ọ̀gá mi, àǹtí yín, di irun wọn mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó wá sí ọsibítù fún iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ náà, kó má baà dí àwọn dókítà lọ́wọ́. Wọ́n jókòó sórí àga kọsítọ́mà, wọ́n kọjú sí dígí, èmi wà lẹ́yìn, mo ń dì í. Ẹ ò rí wọn! Obìnrin tó ń pariwo mọ́ mi láti àárọ̀ dalẹ́! Wọ́n kàn ń fọwọ́ pa gẹ̀gẹ̀ náà bí ẹni tó ń pa ọmọ ológbò lára. Ni wọ́n bá ní, "Alápàárá, káàdì rẹ dà? Wo ọ̀la fún mi."

Káàdì táró ni o, èyí tí wọ́n fi ń wo ohun tó ń bọ̀, tí kọsítọ́mà wa onírun pupa fún mi nígbà tó ń kó kúrò ládùúgbò. Ṣebí gbogbo wa la jọ ń fi í ṣeré nídìí díráyà tó ń gbẹ irun? Wọ́n fà á fúnra wọn! Àǹtí, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọwọ́ mi méjèèjì kún fún ìpara irun. Àwọn ni wọ́n nawọ́ sẹ́yìn, tí wọ́n yọ káàdì nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi, tí wọ́n pò ó lórí itan wọn, tí wọ́n fa ẹyọ kan, tí wọ́n sì nà án sí mi láìṣí i wò, bí a ṣe máa ń ṣe é. Nígbà wo ni mo wá ráyè ṣe ojóóró? Ṣé ẹsẹ̀ ni mo fi ṣe é ni?

Ẹ tún gbọ́ o. Bí mo bá fẹ́ ṣe ojóóró, ṣé Ikú ni màá mú? Oòrùn ńlá tó ń rẹ́rìn-ín wà nínú àwọn káàdì yẹn! Òun ni màá mú, ẹ̀rù á kúrò lára wọn, wọn á sì dé ọsibítù ṣáájú yín. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo ṣe òótọ́, ẹ wo ohun tó kó bá mi! Ìbúra mi rèé: bí mo bá ń purọ́, kí irun orí mi má hù mọ́, kí ó jẹ́ pé orí mi náà ni àwọn ọmọ iṣẹ́ á máa dé wíìgì sí kí kọsítọ́mà lè rí i.

Mo ṣí i. Ikú ni. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín. Egungun gbígbẹ tó wọ ẹ̀wù ogun dúdú, ó gun ẹṣin funfun, ọba kan nà gbalaja lábẹ́ ẹṣin, adé rẹ̀ ti yí dànù. Mo gbé e sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wọn, mo kọ ojú rẹ̀ sí dígí, kí wọ́n lè rí i. Wọn ò lè yíjú, irun wọn wà lọ́wọ́ mi! Kí ni wọ́n wá wò? Dígí! Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ojú èèyàn lẹ̀ ń wò. Àwa onídìrí, dígí là ń wò. Inú dígí ni ọ̀gá mi ti ń bá kọsítọ́mà tàkúrọ̀sọ, inú dígí ni wọ́n ti ń bá mi jà, bí mo bá yọ ahọ́n sí wọn lẹ́yìn, inú dígí náà ni wọ́n ti ń rí i. Ẹ bi wọ́n léèrè, wọ́n lè máà mọ ojú mi tí mo bá dúró níwájú wọn gangan.

Onírun pupa sì ti kọ́ gbogbo wa pé, káàdì yẹn lè dúró lóòró, ó lè dorí kodò, ibi tí ẹṣin bá kọjú sí ni kí a wò. Tó bá kọjú sí ọwọ́ ọ̀tún wa, nǹkan kan tó ti ń yọ wá lẹ́nu tipẹ́ ló fẹ́ kó lọ. Tó bá kọjú sí òsì, àwa gan-an ló ń bọ̀ wá mú. Èmi tí mo ṣí i, ọ̀tún ni mo rí. Ọ̀gá mi lọgun, "Òsì ni! Ó ń bọ̀!" Ẹlẹgbẹ́ mi tó jókòó sábẹ́ díráyà, òun náà gbójú sókè, òun náà wo dígí, ó ní òsì ni, ó ní kí n má purọ́ fún ọ̀gá! Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń pariwo òsì, òsì, kò sí ẹni tó yíjú wo káàdì tó wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá dìde, irun wọn dé ìlàjì, wọ́n fi síkáàfù bò ó, ó di ilé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọn ò lọ ọsibítù kankan mọ́.

Ẹ ò gbà mí gbọ́? Ẹ mú dígí kékeré tí ẹ fi ń kun ètè jáde. Ẹ mú un jáde, mi ò ní jí i! Káàdì náà nìyí. Ẹ wò ó ní ojúkorojú. Apá ibo ni ẹṣin ń lọ? Ẹ sọ ọ́ sókè. Ọ̀tún! Ó dáa, ẹ kẹ̀yìn sí mi, ẹ wá a nínú dígí yín. Apá ibo ló kọjú sí báyìí? Òsì! Ẹ̀n-ẹ́n! Dígí ló yí i padà! Ẹ tún wo orúkọ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ṣé ẹ lè kà á nínú dígí yẹn, ẹ̀yin tí ẹ kàwé? Òwúrọ̀ yìí ló yé èmi náà, níbi tí mo ti ń fọyín níwájú dígí ìyá mi.

Ta ni ọba tó wà nílẹ̀ yẹn gan-an? Ta ló jókòó sọ́rùn ọ̀gá mi bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló ni ibẹ̀, tí kì í jẹ́ kí wọ́n gbé òkèlè mì, tí kì í jẹ́ kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn? Gẹ̀gẹ̀ ni! Òun ni Ikú ń bọ̀ wá gbé. Ó ti gun ẹṣin, ó ti wọ ẹ̀wù, dókítà nìkan ló ń dúró dè.

Mo mọ̀ pé ẹ ò gba káàdì gbọ́. Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ là lọ́rùn? Mo mọ̀ pé tí ọ̀gá mi ò bá dé orí ibùsùn ọsibítù yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹlòmíràn lẹ máa gbé síbẹ̀. Mo mọ̀ pé gẹ̀gẹ̀ yẹn ti ń tẹ ọ̀nà ọ̀fun wọn. Èmi ni mò ń fọ irun wọn, èmi ni mò ń gbọ́ bí èémí ṣe ń há!

Ohun tó ká mi lára jù rèé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ìyá mi ní mo ṣe ojóóró. Ẹlẹgbẹ́ mi ní mo ṣe ojóóró. Ẹ̀yin náà ní mo ṣe ojóóró. Nínú gbogbo ayé yìí, ẹnì kan ṣoṣo tó gbà pé n kò ṣe é ni ọ̀gá mi. Wọ́n ní àwọn wo ojú mi, wọ́n ní alápàárá kò rẹ́rìn-ín. Àwọn náà lẹ wá ní kí n lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn, kí n sọ fún wọn pé wọ́n ṣì mí mọ̀?

...

Ẹ má sunkún. Àǹtí, ẹ má sunkún, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún nọ́ọ̀sì tó bá ń sunkún.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ. Màá gbé káàdì síwájú wọn gbangba, kò ní sí dígí kankan níbẹ̀. Bí wọ́n bá dìde, ó parí. Bí wọn ò bá dìde, màá kúnlẹ̀. Ẹ gbọ́, màá kúnlẹ̀! Màá lọgun, màá fi imú fa ikun, màá sọ pé inú apá aṣọ ni mo fi Ikú pa mọ́ sí, títí ẹ̀yin fúnra yín á fi fẹ́ lù mí. Àmọ́ ẹ bura fún mi: ọjọ́ tí wọ́n bá tú báńdéèjì ọrùn ọ̀gá mi, tí ọ̀gá ṣí ẹnu láti bú mi, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún wọn. Ẹ bura! Kì í ṣe pé ẹ mi orí, ẹ la ẹnu! Hàhà! Gbogbo ẹ̀tàn tí mo ti ṣe fún wọn ládùúgbò yìí, kò sí èyí tó tó èyí o: irọ́ tí mo fẹ́ lọ pa ni pé mo purọ́! Ẹ dìde, jàre.